ÌBỌN WO LÓ YẸ ỌDẸ?

Ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin èèyàn wa l'Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà. Bí ọmọ tó wà l'Amẹ́ríkà bá fi fọ́tò ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, tó ní, "Bàbá, ṣé kí n rà á fún yín?", kí bàbá tó dáhùn, kí ìyá náà tó dá owó ọjà lé e, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Winchester 1873 lorúkọ ìbọn ọ̀hún. Irú rẹ̀ lẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gẹṣin nínú sinimá kábọ́ọ̀yì. Kúkúrú ni. Ọwọ́ irin kan wà lábẹ́ rẹ̀. Téèyàn bá fà á wálẹ̀, tó dá a padà, ọta mìíràn ti bọ́ sọ́nà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń tà lóde òní, àwòkọ ni. Àwọn ará Ítálì bíi Uberti wà lára àwọn tó ń rọ ọ́.

Àwòkọ kò ṣàjèjì sí wa o. Ṣakabùlà tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ, àwòkọ ìbọn tí òyìnbó kó wá tà ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa wò ó, wọ́n rọ ọ́, ó di tiwa.

Lóòótọ́, ìbọn ju ìbọn lọ. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kọ́ àwọn bàbá wa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn, Èkìtìparapọ̀ ti rí èyí tí wọ́n ń kì láti ìdí gbà láti Èkó. Ojú Ìbàdàn rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n ogun kọ́ lọdẹ ń lọ. Ọ̀yà, òkété àti ẹtu ló ń wá, lóru, tòun ti iná lórí. Ìbọn kátíríìjì ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ká. Bí ọ̀kan bá tàsé, òmíràn á bá a. Ọta kan ṣoṣo ni Winchester yìí ń yọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyẹn bá tàsé ẹran, ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ. L'Ákínyẹlé, ní Lágelú, l'Ọ́nà-Àrà, ilé ti wọ inú oko. Ta ló wà lẹ́yìn ọ̀yà yẹn?

Ọmọ náà lè ní, "Ẹ máa dúró, Winchester 1887 wà, òun ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́." Ẹ sọ fún un kó má wulẹ̀ rà á. Òfin ìbọn ti 1959 yọ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ki ọta kúrò nínú èyí téèyàn lásán lè gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Òfin 1984 sì ní ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ lè san 20,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ọdún mẹ́wàá nítorí òkété!

Ṣé kí ọdẹ wá jókòó ti ṣakabùlà? Òjò ń ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀tù bá sì pọ̀ jù, tàbí tí irin rẹ̀ kò dáa, ó lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ìka tó bá já kì í hù mọ́. Òun náà fẹ́ ìwé àṣẹ.

Ìbọn kátíríìjì ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bèèrè ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ná, kówó tó kúrò lápò. Bẹ́ ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wo inú ihò rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: ṣé ó dógùn-ún, àbí ó tẹ̀? Ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ mì í. Bó bá ń mì jìgìjìgì, ẹ fi sílẹ̀. Kátíríìjì tó bá ihò rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa ń bá wọn dáwó ìbọn, ẹ má tijú, ẹ bèèrè pé, "Bàbá ọmọ mi, ìwé rẹ̀ ńkọ́?" Ìyàwó tó ń retí ẹran, ó ń retí ọkọ pẹ̀lú.