Ìbàdí Ríro: Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí Nìkan

Ní Sátidé tí ó kọjá, mo wà ní Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé páálí ìwé mi báyìí, ìbàdí mi gan pa! N kò lè nàró, n kò lè jókòó. Kíá, àwọn oníṣègùn ọ̀fẹ́ ti pé lé mi lórí. Dírẹ́bà kan ní, "Tíṣà, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣúgà ni ẹ ń lá jù." Ìyá alágbo sì ti bu ife kan fún mi.

Orúkọ kan náà ni a sọ gbogbo ìbàdí ríro, bẹ́ẹ̀ ohun tí ń fà á kò mọ ní ẹyọ kan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti iṣan tí ó fà: ẹrù wíwúwo, ìjókòó pípẹ́ nínú ọkọ̀ tàbí ní ìsọ̀. Irú èyí a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí a má kàn dùbúlẹ̀ sí i. Kí a máa rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, kerekere àárín eegun ẹ̀yìn ni ó yọ, tí ó tẹ iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀. Ìrora á sì gba itan sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ibà àti ìtọ̀ gbígbóná bá bá a rìn, ó lè jẹ́ kíndìnrín. Nínú ọkùnrin tí ó ti dàgbà, jẹjẹrẹ láti ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ lè ràn dé eegun ẹ̀yìn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá a máa jẹ eegun ẹ̀yìn. Percivall Pott, oníṣẹ́-abẹ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti 1779. Òògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣe é dá dúró, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, ìbáà ṣe ti Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òyì. Ẹ má sì fi òògùn ìrora ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Ó ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́.

Ara mi ti yá báyìí. Ti dírẹ́bà yẹn ni ó ń kọ mí lóminú. Ó ní ìbàdí tòun ti ń ro láti oṣù mẹ́ta, àgbo ni òun ń mu sí i. Mo wo ṣòkòtò rẹ̀, ó ti ṣo lára rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ń làágùn lóru?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ta ni ó sọ fún yín?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ bá mọ irú rẹ̀ nítòsí yín, ẹ bá mi bẹ òun náà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.