Kọ̀ǹpútà Àǹtí Mi Wọ Aṣọ Ọdún 1995

Ẹ̀yin tí ẹ kọ lẹ́tà sí mi lórí ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù, mo ti rí lẹ́tà yín, ẹ ṣe sùúrù, a ó kàn án. Lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá o! Ọ̀rọ̀ aṣọ wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè náà sì wà nínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, mo wà ní Aswani. Ẹni tó bá mọ Ìsọlọ̀ dáadáa mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà yẹn máa ń kún débi pé ẹsẹ̀ kì í gbèrò. Níwájú òkìtì òkìrìkà kan, mo rí ọmọdébìnrin kan tó di ṣòkòtò kan mú, irú èyí tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí agogo, tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ láyé ọjọ́un. Inú ọmọ náà ń dùn ṣìnkìn. Ìyá àgbàlagbà kan tó dúró tì í kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní, "Èyí tí mo fi nulẹ̀ níjọ́sí rèé!" Bẹ́ẹ̀ náà ni òleku ṣe. Àwọn obìnrin ti wọ̀ ọ́ tì, ó ti wà nísàlẹ̀ àpótí, àfìgbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ó Le Kú jáde lọ́dún 1997, láti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lọ́dún 1974. Kíá, ìró péńpé tún gba òde kan.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣe òleku.

Àbúrò ìyá mi kan tó ń ta àǹkárá ní ọjà náà ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n wá bá òun wo kọ̀ǹpútà òun, ó ti ya wèrè. Ẹ má rò pé Àǹtí ò mọ̀wé o. Lọ́dún 1998, ó san owó kọ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́fà ní Múṣin, orí Windows 95 ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, iye yáàdì tí wọ́n gbé àti ọjọ́ tí wọ́n dá, inú kọ̀ǹpútà ló ń kọ wọ́n sí. Ọmọ rẹ̀ ló ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yìí fún un ní Ìkẹjà kó tó lọ sókè òkun.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé ojú ẹ̀rọ náà funfun báláú. Lẹ́tà rẹ̀ tínínrín bí irun ológbò, àwọ̀ eérú ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Kò síbi tí bọ́tìnì ti bẹ̀rẹ̀, kò síbi tó parí sí. Àǹtí ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ àti èyí tí wọ́n kàn kọ sílẹ̀ lásán." Ojú rẹ̀ náà kì í ṣe ojú ọdún 1998 mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọkùnrin kan lówó lọ́jọ́ ọjà pé kó máa bá òun ka ìwé gbèsè. Ọmọ yẹn, ẹnu rẹ̀ bí ẹnu rédíò. Lọ́jọ́ kan, ó ka orúkọ oníbàárà kan àti iye tó jẹ sókè gboro, obìnrin náà sì wà níbẹ̀ láàárín èrò, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Oníbàárà ọdún mẹ́sàn-án ni o. Ó san owó náà lọ́jọ́ kejì, kò sì tún wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó dun Àǹtí nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Kó tó ránṣẹ́ sí mi, ẹnì kan ti sọ fún un pé kó ju ẹ̀rọ náà nù. Lóòótọ́, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ni kò sì lè gba Windows 11. Àmọ́ kí èèyàn torí ìyẹn ju ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta òkìrìkà, ẹ gbà mí níbẹ̀ jàre.

Mo lọ pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lápá Òṣòdì. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ara ẹ̀ le. Aṣọ tó wọ̀ ni ò bá Mummy mu." Ẹnu yà mí. Kọ̀ǹpútà ń wọṣọ? Ó ní kí n tẹ̀ lé òun dé ṣọ́ọ̀bù òun kí n lọ wò ó lójú ara mi, ká tó fọwọ́ kan ti Àǹtí.

Lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní SerenityOS. Kò fi í sára ẹ̀rọ náà gan-an o. Ńṣe ló ń ṣiṣẹ́ nínú ètò mìíràn, bí ẹni gbé àpótí kékeré sínú àpótí ńlá. Ó ní ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣòwò kò tíì lè gbára lé e, àmọ́ kò síbi tó dára tó o fún ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ ojú kọ̀ǹpútà. "Theme" ni wọ́n ń pe aṣọ yẹn.

Ìtàn ẹni tó dá a sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè kúrò níbẹ̀. Andreas Kling lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Swídìn ni, ó ti bá Apple ṣiṣẹ́ rí. Oògùn olóró ti mú un mọ́lẹ̀ gidi. Nígbà tó gba ìtọ́jú oṣù mẹ́ta tán, lọ́dún 2018, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí ọwọ́ tó dilẹ̀ lè fà fún ẹni tó ń sá fún nǹkan burúkú. Ló bá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ odindi ètò kọ̀ǹpútà láti ìpìlẹ̀, lójoojúmọ́. Inú àdúrà kan tí àwọn tó ń gbìyànjú láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ máa ń gbà ló ti mú orúkọ náà. Ojú tó sì fún un ni ojú kọ̀ǹpútà ìgbà èwe rẹ̀, ti nǹkan bí ọdún 1995 sí 1999. Àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ bá a dá sí i. Lọ́dún 2024, ó fi í sílẹ̀ fún wọn, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Ladybird.

Ọ̀rẹ́ mi tẹ ibì kan, orúkọ aṣọ tò wálẹ̀ bí ẹni tú ìdì àǹkárá. Ó yan Coffee, gbogbo ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ kọfí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yan Redmond, ìyẹn orúkọ ìlú tí Microsoft wà ní Amẹ́ríkà, ó di Windows àtijọ́ pátápátá. Ó wá yan èyí tí wọ́n ń pè ní Hotdog Stand. Yéè! Pupa fòò àti yẹ́lò, bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń polówó. Ó ní láti inú Windows 3.1 ti ọdún 1992 ni irú aṣọ yẹn ti wá, àwọn èèyàn ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ dòní. Kò sí ìwé kankan tó sọnù nínú ẹ̀rọ, kò sí iṣẹ́ tó yí padà. Ìró àti bùbá nìkan ló ń pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń rán an, nítorí ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi. Fáìlì kékeré kan ni, tí èèyàn lè ṣí kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ilẹ̀ ojú ẹ̀rọ, àwọ̀ báyìí, ìṣẹ́tí fèrèsé, àwọ̀ báyìí, lẹ́tà, àwọ̀ báyìí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àmì mẹ́fà ni, méjì fún pupa, méjì fún àwọ̀ ewé, méjì fún búlúù. Ìwọ̀n 256 ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá sì pò wọ́n pọ̀, àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16 ló ń jáde. Ẹ̀yin aláró Ìtòkú, ẹ gbọ́ èyí: tí ẹ bá po pupa mọ́ àwọ̀ ewé nínú ìkòkò, àwọ̀ tó máa jáde á dọ̀tí. Lójú kọ̀ǹpútà, yẹ́lò ló máa dà, torí pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pò, kì í ṣe aró. Ilẹ̀ Windows 95 tí Àǹtí mọ̀ yẹn, #008080 ni: kò sí pupa rárá, àwọ̀ ewé ìdajì, búlúù ìdajì. Eérú ara bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ #c0c0c0, ọ̀já orí fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ #000080, tó rí bí aṣọ tó mu aró dáadáa.

Èmi náà ní kí n dán an wò. Mo fi lẹ́tà funfun sórí ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, mo rò pé oge ni mò ń ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ poora. Ọ̀rẹ́ mi ní, "O ti fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ ọnà sára gùínì funfun, ta ló máa rí i?" Àwọn tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára tilẹ̀ ti sọ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 4.5 sí 1. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ètò náà ní ibi tí èèyàn á ti kọ́kọ́ wo aṣọ kó tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wá là mí lójú ni ti ìṣẹ́tí. Ọ̀rẹ́ mi fa bọ́tìnì kan tóbi lójú ẹ̀rọ. Etí òkè àti etí òsì rẹ̀ funfun, etí ìsàlẹ̀ àti etí ọ̀tún rẹ̀ dúdú, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí i láti igun òkè. Ojú á rí i bí ohun tó yọ síta. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, dúdú á bọ́ sókè, funfun á bọ́ sísàlẹ̀, á dà bí ohun tó wọlé. Láyé àtijọ́, báyìí ni kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ fún ọwọ́ pé, "Tẹ̀ mí níbí." Nígbà tí Windows 8 dé lọ́dún 2012, tí ojú tuntun fóònù iPhone sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2013, wọ́n fá gbogbo ìṣẹ́tí yẹn dànù, wọ́n ní ó ti di ti àwọn arúgbó. Ó lè rẹwà lójú ọmọ ogún ọdún. Lójú tèmi, ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé ilẹ̀kùn ilé onílé láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn lóru, tó wá ń bú onílé pé kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

A padà sí ọ̀dọ̀ Àǹtí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ṣe ni pé ó da gbogbo ìwé gbèsè náà sínú fílááṣì, ó kó o lé Àǹtí lọ́wọ́ kó tó tú ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló fi Linux sínú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ojú kan tí kò wúwo tí wọ́n ń pè ní Xfce, ó wá fi aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Chicago95 wọ̀ ọ́. Chicago ni orúkọ tí Microsoft ń pe Windows 95 nínú ilé kó tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi nìkan ni Àǹtí san.

Nígbà tí ojú ẹ̀rọ náà mọ́ lára ògiri bí ti Múṣin ìjọ́sí, Àǹtí dákẹ́. Ó wọ awò rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó ní, "Start rèé." Ó ṣí ìwé gbèsè fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí o, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìwé ìròyìn lu yín ní jìbìtì. Aṣọ ni, kì í ṣe ara. Kọ̀ǹpútà tó wọ aṣọ Windows kò di Windows. Ètò tí wọ́n ṣe fún Windows, irú èyí tí àwọn kan fi ń ṣe ìṣirò ọjà, lè má ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta tòkunbọ̀ fún yín, ẹ bi í léèrè pé kí ló wà lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ fi theme síbẹ̀ fún yín, tó wá ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àǹtí lọ sí ilé oníbàárà rẹ̀ yẹn ní Èjìgbò, ó mú yáàdì mẹ́fà lọ́wọ́, ó lọ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà gba ẹ̀bẹ̀, kò gba aṣọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì padà wá rajà.

Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Àǹtí tún ránṣẹ́ pè mí. Àyà mi já, mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni. Ó ní rárá, ìnáwó ọmọ òun ti ń bọ̀, òun fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọ ankò: wáìnì àti góòlù. Wáìnì kò le, mo fi #722f37 sí ọ̀já orí fèrèsé, ó ní ó dára. Góòlù ló kù. Mo ti dán nọ́ńbà mọ́kànlá wò. Gbogbo èyí tí mo bá fi hàn án, Àǹtí á bọ́ awò rẹ̀, á wò mí lójú, á ní, "Yẹ́lò nìyẹn, kì í ṣe góòlù."