Òbúkọ rere, èbù ni

Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í jẹ gbogbo iṣu rẹ̀ tán. Bí ebi tilẹ̀ ń pa ilé, yóò fi èbù pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé àkókò ìgbìn mìíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní abúlé púpọ̀ ní agbègbè Adja-Ouèrè, láti Ikpinlè dé Massè, àgbẹ̀ kan náà ń ṣe òdìkejì bí ó bá kan ewúrẹ́. Òbúkọ tó tètè dàgbà, tó sì sanra, ni oníbàárà kọ́kọ́ ń rà. Èyí tó rù, tí ẹnikẹ́ni kò rà, ló ń ṣẹ́kù láti gun àwọn abo. Nígbà mìíràn, ìyá rẹ̀ àti ọmọ tirẹ̀ ló ń gùn. Báyìí ni agbo ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ewúrẹ́ kúkúrú tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Djallonké, kì í ṣe ẹran yẹpẹrẹ. Ó ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsé-tsé ń fà ju ewúrẹ́ gíga ilẹ̀ Sahel lọ, abo rẹ̀ sì sábà máa ń bí ìbejì. Ẹni tó ń wá ẹran ńlá máa ń fi òbúkọ Sahel gùn ún. Ọmọ náà lè tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo agbo bá di àdàlù, níbo ni ọmọ ọ̀la yóò ti rí ògidì?

Ọ̀nà kan wà láti fi èbù òbúkọ pamọ́: títọ́jú àtọ̀ rẹ̀. Ní 1949, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Polge, Smith àti Parkes, fi hàn pé bí a bá fi glycerol sí àtọ̀ àkùkọ, ó lè dì bí yìnyín, kí ó sì tún jí. Lónìí, wọ́n ń ṣe é fún màlúù àti ewúrẹ́. Wọ́n ń rọ àtọ̀ náà sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń rì í sínú azote, afẹ́fẹ́ tí a sọ di omi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú òbúkọ. Ti ewúrẹ́ tilẹ̀ le díẹ̀: omi kan wà nínú àtọ̀ òbúkọ tí kì í bá pupa ẹyin tí wọ́n ń pò mọ́ ọn rẹ́, nítorí náà wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fọ àtọ̀ náà. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé azote wọ́n, pé ó sì ń gbẹ. Òótọ́ ni. Kò yẹ kí abúlé kankan ra ìkòkò azote. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà ní Kétou, ní ẹkùn Plateau kan náà. Irú ibẹ̀ ni ilé èbù bẹ́ẹ̀ yẹ, pẹ̀lú owó ìjọba. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, àgbẹ̀ sì mọ iyì ọ̀pẹ tí wọ́n yàn níbẹ̀. Kí ló dé tí òbúkọ kò fi yẹ fún irú ìtọ́jú kan náà?

Síbẹ̀, ilé èbù kò ní láárí bí kò bá sí òbúkọ rere láti gba àtọ̀ lára rẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni èyí wà. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pawọ́ pọ̀ tọ́jú òbúkọ kan tó dára, kí wọ́n tẹ àwọn tó rù lọ́dàá, kí wọ́n sì bá abúlé mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀ òbúkọ kí ó tó gun ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kọ lè kọ ọjọ́ tí abo gba akọ sílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù márùn-ún, yóò kọ iye ọmọ tó bí. Ìwé kékeré yẹn ni onímọ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́jọ́ tó bá dé.

Owó òbúkọ lè tán ní ọjà kan ṣoṣo. Irú-ọmọ rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ilé fún ọdún pípẹ́.