Àrokò Àwòrán: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí A Ní fún Fíìmù

Láìpẹ́ yìí, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní iṣẹ́ lórí Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999 láti inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Òwe, orin àti ìtàn ni gbogbo wọn kọ nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ nípa ohun tí ojú rí. Ọ̀kan nínú wọn wí fún mi pé òun rí i, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí à ń pè é ní Yorùbá. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn. Ti àwa olùkọ́ ni.

Láti ìgbà Ajani Ogun (1976) àti Aiyé ti Hubert Ògúndé (1979) ni a ti ń wo fíìmù Yorùbá. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ó ku fíìmù.

Àwọn kan yóò wí pé kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, bí a ti yá fíìmù àti kámẹ́rà. N kò bá ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jà. Orúkọ ẹ̀rọ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ohun àfojúrí ń gbà ní ìtumọ̀ kò ṣe àjèjì sí wa. Bí a bá so ẹyọ owó méjì pọ̀ ní ojúkojú, àrokò ìrẹ́pọ̀ ni. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn-sí-ẹ̀yìn, àrokò ọ̀tá ni. Owó kan náà ni. Ètò wọn ni ó yí ìtumọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán inú fíìmù.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a pe ohun tí kámẹ́rà yà lẹ́ẹ̀kan láìdúró ní ẹyọ àwòrán, bí a ti ń wí pé ẹyọ ọ̀rọ̀. Kí títò wọn tẹ̀lé ara wọn jẹ́ ìsopọ̀ àwòrán. Kí ohun èlò, aṣọ, àwọ̀ tàbí ìmọ́lẹ̀ tí ó ru ìtumọ̀ jẹ́ àrokò àwòrán. Irú rẹ̀ ni adé inú Ṣaworoidẹ: nígbà tí ó bọ́ sí orí ológun, òǹwòran kò nílò òwe kí ó tó mọ̀ pé agbára ti ṣìnà.

Bí kámẹ́rà bá wà nísàlẹ̀ tí ó ń wo ènìyàn lókè, bí ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ìwòsókè ni. Òdìkejì rẹ̀ ni ìwòsílẹ̀. N kò pe ti àkọ́kọ́ ní ìwò-ọlá, nítorí pé olùdarí lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ọba tí kò yẹ. Ohun tí a ṣe ni ọ̀rọ̀ ìperí gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ di ọwọ́ ìtàn àti òǹwòran.

Ní Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì níhìn-ín, mo jókòó ti àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń wo fíìmù. Òkùnkùn bo ojú ọkùnrin kan nínú àwòrán. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà, ìyá àgbà kan ti kígbe pé, “Ó ti tán fún un!” Màmá ti ka àwòrán náà. Iṣẹ́ tiwa ni kí a fún ohun tí wọ́n kà ní orúkọ. Ẹ dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a ju èyí tí kò bá jẹ́ nù.