Ìwòsàn Ti Dé: Ta Ni Yóò Rí I Gbà?

Ní ọdún 2024, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Michel Sadelain àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Carl June jọ gba ẹ̀bùn Breakthrough, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tó gbayì jù lọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìwòsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ gẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú iṣẹ́ Sadelain tó kan àwọn ìdílé Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀nà kan náà ló ṣí fún àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, tí àwọn dókítà ń pè ní drépanocytose.

Ìlú Paris ni Sadelain ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ó lọ sí Kánádà fún ìwádìí, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994 ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York. Ìbéèrè kan ló ń lé kiri: bí a bá fi jíìnì tuntun, ìyẹn àṣẹ àbímọ́ tó ń darí iṣẹ́ inú ara, sínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà lè wo ẹni tó ni ín sàn?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ-ogun ara, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ a máa fara pamọ́ fún wọn. Sadelain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ogun yìí ní jíìnì tí wọ́n fi lè dá ọ̀tá mọ̀, nípa àmì kan tó ń jẹ́ CD19. Ní ọdún 2003, wọ́n fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ lára eku. Ọdún 10 kọjá kí wọ́n tó lè kéde, ní 2013, pé àgbàlagbà 5 tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wọn ti padà wá ni wọ́n tọ́jú, tí a kò sì rí àmì àrùn náà mọ́ lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ Sadelain ti lo fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n mú jáde láti ara èyí tó ń fa sidá, tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀, láti gbé jíìnì tó dára lọ sínú ẹ̀jẹ̀ eku tó ní àrùn thalassémie. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí àrùn yẹn ń bà jẹ́ náà ni fòníkú-fọ̀la-dìde ń bà jẹ́. Ní 2014, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Necker ní Paris gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tọ́jú ọmọkùnrin kan tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Nígbà tí ọdún 2023 fi parí, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Casgevy, ìwòsàn tó ń tún jíìnì inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe.

Iye owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo, èyí tó lé ní bílíọ̀nù kan owó CFA. Bẹ́ẹ̀, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lágbàáyé tó jẹ́ pé Áfíríkà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ni a ti ń bí wọn. Ibi tí àrùn pọ̀ sí kọ́ ni ìwòsàn wà.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé ìwòsàn tí kò ní omi àti iná tó kò yẹ kó máa sọ̀rọ̀ jíìnì. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n Íńdíà ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n fọwọ́ sí ìwòsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ irú ti Sadelain, èyí tí àwọn onímọ̀ ìlú Mumbai fúnra wọn ṣe, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Wọn kò dúró de ọrẹ. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kò lè ṣe é tán lọ́la, ṣùgbọ́n wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun wò, títí dé abúlé. Kí àwọn tó ní àrùn náà máa rí abẹ́rẹ́ àjẹsára, pẹnisílíìnì, oògùn ibà àti hydroxyurée gbà ní iye tí apá òbí ká, nítorí ìwòsàn kékeré kò gbọdọ̀ dúró de ńlá. Kí ìjọba sì rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ ìmọ̀ jíìnì àti ẹ̀jẹ̀, kí ó sì ní yàrá ìwádìí tí wọn yóò padà wá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni iṣẹ́ Sadelain fi gbó. Orílẹ̀-èdè tí kò bá gbin nǹkan kan lónìí, ọjà ni yóò ti máa ra ìlera àwọn ọmọ rẹ̀, ní iye tí ẹlòmíràn bá dá lé e.