Aṣojú AI àti Kọ́kọ́rọ́ Owó

Ìkẹjà ni ọ́fíìsì Paystack wà, ilé-iṣẹ́ tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, tí Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020. Ẹni tó bá fẹ́ kí áàpù fóònù òun máa gba owó nípasẹ̀ Paystack yóò fi SDK (àkójọ kóòdù) sínú iṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ka ìlànà, tí yóò kọ ìlà kan sínú fáìlì Gradle, níbi tí áàpù Android ti ń sọ àkójọ tó nílò. Ní báyìí, aṣojú AI ń bá a ṣe é kó tó mu tíì tán.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lórí pub.dev, níbi tí àwọn tó ń fi Flutter kọ áàpù ti ń mú kóòdù, àkójọ tó ń jẹ́ orúkọ Paystack ju ẹyọ kan lọ, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà ló kọ gbogbo wọn. AI lè mú èyí tí wọ́n ti pa tì. Ó tiẹ̀ lè hùmọ̀ orúkọ tí kò sí rárá, kí gbájúẹ̀ wá lọ gba orúkọ náà sílẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà. Ní oṣù kẹjọ 2025, àwọn gbájúẹ̀ fi kóòdù burúkú sínú àkójọ Nx lórí npm, níbi tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti ń mú kóòdù. Kóòdù náà bẹ àwọn aṣojú AI tó bá lórí kọ̀ǹpútà níṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun wá àwọn fáìlì tó ní àṣírí!

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ Paystack tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “pk” (ti gbangba) lè wọ inú áàpù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “sk” (ti àṣírí) kò gbọdọ̀ kúrò lórí sáfà. Kí ọ̀gá tó ń lo aṣojú fi “sk” pamọ́ fún un, kó sì ka ìlà tí aṣojú kọ sínú fáìlì Gradle tàbí pubspec.yaml ti Flutter kó tó fọwọ́ sí i.