Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Wa Máa Gba Àṣẹ Láti Ojú Kan

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a máa tún àwọn kọ̀ǹpútà kíláàsì wa ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ó yẹ kí gbogbo wọn máa gba àṣẹ bí wọ́n ṣe máa tan láti orí server kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí a bá tan kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ bootloader. Òun ló ń ka fáìlì ìṣètò tó máa sọ fún un bóyá Windows ni kó gbé dìde tàbí Linux. Lọ́dọ̀ wa, inú hard disk kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni fáìlì yẹn wà. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, olùkọ́ wa á mú flash, wọ́n á jókòó tì í. Kí wọ́n tó dé orí ìkẹta, agogo ti lù. Àwa JSS ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí àwọn sẹ́níọ̀ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ló máa ń kọ́kọ́ gba èyí tó ń ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́rin-mẹ́rin á wá ṣù bo ẹyọ kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan mouse ló kọ́ nǹkan, àwọn yòókù wòran ni.

Ọ̀nà mìíràn wà, kì í sì í ṣe tuntun. PXE ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Intel ló gbé e jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí kọ̀ǹpútà bá tan, á ké sórí wáyà pé òun ń wá àdírẹ́sì. DHCP á dá a lóhùn, á fún un ní nọ́ńbà, á sì sọ ibi tí server wà àti fáìlì tó máa mú. TFTP ló máa gbé bootloader wá, lẹ́yìn náà á gbé fáìlì ìṣètò. Kò nílò dátà rárá, àárín ilé-ìwé ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ó dà bíi pátákó ìkéde ẹnu ọ̀nà dining hall. Housemaster kì í lọ bá wa ní bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á lẹ ìwé mọ́ pátákó, gbogbo wa á kà á. Bootloader tó ń jẹ́ PXELINUX tilẹ̀ máa ń wá fáìlì tó ní nọ́ńbà MAC kọ̀ǹpútà yẹn lórí. Tí kò bá rí èyí tó jẹ́ tirẹ̀, á mú "default", ìyẹn ti gbogbo ayé. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà olùkọ́ lè yàtọ̀ sí tiwa. Ní Norway, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Skolelinux fún àwọn ilé-ìwé ní 2001, ó sì ní irú ètò báyìí nínú.

Àwọn kan á ní, tí server bá kú ńkọ́? Òótọ́ ni, gbogbo kíláàsì lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹ jẹ́ ká da fáìlì wọ̀nyẹn kọ sórí kọ̀ǹpútà kejì, kí server àti switch sì ní UPS nígbà tí iná bá lọ. Èyí tí hard disk rẹ̀ bá ṣì dára lè tan láti ibẹ̀.

Nǹkan kejì ni ààbò. TFTP kì í béèrè password, ẹni tó bá ti wọ orí wáyà lè ka fáìlì náà. Nítorí náà, ẹ má kọ password sínú rẹ̀, kí a sì ti ibi tí switch wà pa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a ò ní kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi kọ̀ǹpútà márùn-ún dán an wò ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ fáìlì náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwa JSS kí a wà níbẹ̀. Ìlà bíi mélòó kan péré ni, a lè kà á, a sì lè kọ́ ọ.